Páálí kékeré kan ní bílíọ̀nù méje sẹ́fà: ta ló gbé òṣùwọ̀n dání?

Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹjọ ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Heritage Auctions tó ń ṣe ọjà gbàǹjo ní Amẹ́ríkà ta páálí kékeré kan ní 12,932,000 dọ́là. Bí a bá ṣẹ́ ẹ sí owó tiwa, ó lé ní bílíọ̀nù méje sẹ́fà. Páálí náà kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àwòrán àwọn agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ méjì ló wà lára rẹ̀, Michael Jordan àti olóògbé Kobe Bryant. Àwọn méjèèjì bọwọ́ lù ú, wọ́n sì lẹ àmì tí wọ́n gé lára aṣọ ìṣeré wọn mọ́ ọn. Kò sí káàdì eré ìdárayá kankan tó tíì pa irú owó bẹ́ẹ̀ rí. Èyí tó di ipò náà mú tẹ́lẹ̀ ni káàdì Mickey Mantle ti ọdún 1952, tí wọ́n tà ní mílíọ̀nù 12.6 dọ́là ní oṣù kẹjọ ọdún 2022.

Nígbà tí ìròyìn yìí jáde, àwọn kan nínú àwọn olùkà wa bi wá bóyá orí àwọn òyìnbó ti dàrú ni. A ò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti ta iyùn àtijọ́ rí mọ̀ pé kì í ṣe bí nǹkan ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń díye lé e. Bí ohun kan bá ṣọ̀wọ́n, tí àwọn olówó méjì sì ń wá a lẹ́ẹ̀kan náà, kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tí owó rẹ̀ yóò gùn dé. Ohun tó gba àfiyèsí tiwa ni nǹkan mìíràn. Kí wọ́n tó ta páálí yìí, ilé-iṣẹ́ kan ti kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ti fún un ní máàkì, ó sì ti tì í mọ́nú ike. Máàkì mẹ́fà péré nínú mẹ́wàá ni wọ́n fún un! Torí pé ẹyọ kan ṣoṣo rẹ̀ ló wà láyé ni máàkì kékeré yẹn kò fi ba ọjà rẹ̀ jẹ́. Ní ti àwọn káàdì àtijọ́ tó kù, tí ọgọ́rùn-ún tàbí ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú wọn wà nílẹ̀, máàkì ni gbogbo rẹ̀. Máàkì ni wọ́n ń rà, máàkì ni wọ́n ń tà. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ mọ ẹni tó ń fún un.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí káàdì yìí ti ṣẹ̀ wá. Láàárín ọdún 1909 sí 1911, American Tobacco Company, ilé-iṣẹ́ tó ń ta sìgá ní Amẹ́ríkà, a máa fi àwòrán àwọn agbá-béèsìbọ́ọ̀lù sínú páálí sìgá wọn. Béèsìbọ́ọ̀lù ni eré tí wọ́n ń fi kóńdó gbá bọ́ọ̀lù kékeré, tí ẹni tó gbá a á sì sáré yí pápá ká. Páálí líle náà kì í jẹ́ kí sìgá tẹ̀. Àwòrán ara rẹ̀ sì ń mú kí oníbàárà padà wá ra sìgá mìíràn, kó lè kó gbogbo àwòrán náà jọ pé. Ọgbọ́n àtitajà ni láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù ọ̀hún ni Honus Wagner, tó ń gbá fún ìlú Pittsburgh. Òun kò gbà kí wọ́n máa lo àwòrán òun. Àwọn kan ní torí pé kò fẹ́ kí àwọn ọmọdé máa ra sìgá nítorí òun ni, àwọn mìíràn ní owó ni wọn ò san fún un. Èyí ó wù kó jẹ́, wọ́n dáwọ́ títẹ àwòrán rẹ̀ dúró, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì ti jáde. Nǹkan bí àádọ́ta sí ọgọ́ta ni aráyé mọ̀ pé ó ṣẹ́kù. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, ọ̀kan tí máàkì rẹ̀ jẹ́ 2 péré, tó ti gbó, tí etí rẹ̀ sì ti jẹ, lọ ní 7,250,000 dọ́là.

Ti Mickey Mantle tún rinlẹ̀ ju èyí lọ. Topps, ilé-iṣẹ́ tó ń ta ṣìngọ́ọ̀mù ní Brooklyn, ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1952. Káàdì tí wọ́n tẹ̀ kẹ́yìn lọ́dún náà pẹ́ kó tó dé ọjà, àsìkò béèsìbọ́ọ̀lù ti ń parí, kò sì tà. Ó wà nínú ilé ìkẹ́rùsí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Sy Berger, ọkùnrin tó ṣètò káàdì náà, sọ fúnra rẹ̀ pé ní 1960 àwọn kó o sínú ọkọ̀ ojú omi, àwọn sì lọ dà á sínú òkun Àtìláńtíìkì. Àwọn tó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọdé náà kò rọ́nà lọ. Ọmọ á so ó mọ́ táyà kẹ̀kẹ́ kó lè máa dún, ìyá ọmọ á sì kó ìyókù dà sórí ààtàn lọ́jọ́ tó bá ń gbálé. Nítorí náà, káàdì àtijọ́ wọ́n lónìí torí pé kò sẹ́ni tó kà á sí nǹkan kan nígbà náà.

Ẹ wo òdìkejì rẹ̀. Nígbà tí ìròyìn kàn ní nǹkan bí ọdún 1985 lọ sókè pé káàdì ti di owó, gbogbo ilé ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í kó o pamọ́. Àwọn ilé ìtẹ̀wé náà kò sùn, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ tọ̀sán tòru títí wọ ọdún 1990 àti lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn bàbá ra á ní àpótí-àpótí, wọ́n ní owó ilé-ìwé gíga ọmọ àwọn nìyẹn. Lónìí, ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àpótí wọ̀nyẹn kò tó owó tí wọ́n fi rà á. Káàdì náà mọ́ tónítóní, kò ní ẹ̀gbin kankan lára, ṣùgbọ́n ta ni yóò ra ohun tí gbogbo ayé ní?

Kí ọdún 1991 tó dé, ẹni tó ń ta káàdì ló ń sọ bó ṣe dára tó, ta ni yóò sì pe ọbẹ̀ ara rẹ̀ ní kò dùn? Ẹni tó wà ní California á fi owó ránṣẹ́ sí ẹni tó wà ní New York, ohun tí yóò sì rí gbà nínú lẹ́tà kì í jọ ohun tí wọ́n ṣàpèjúwe fún un. Ọdún yẹn ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ PSA sílẹ̀. Ìwọ yóò fi káàdì rẹ ránṣẹ́ sí wọn, wàá sì sanwó iṣẹ́. Wọn yóò wò ó bóyá ojúlówó ni tàbí ayédèrú. Lẹ́yìn náà, nǹkan mẹ́rin ni wọ́n ń wò: bóyá àwòrán náà bọ́ sí àárín gbùngbùn páálí, bóyá igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì mú, bóyá etí rẹ̀ kò jẹ, bóyá ojú rẹ̀ kò há tàbí dọ̀tí. Wọn yóò fún un ní máàkì láti 1 dé 10, wọn yóò fi ike líle tì í pa, wọn yóò sì kọ máàkì náà pẹ̀lú nọ́ńbà sí orí rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ òwú wa kò ní rí èyí bí ohun àjèjì. Oko kan náà ni òwú onípò kìíní àti onípò kejì ti wá, ẹnu ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò ló sì ya iye wọn sọ́tọ̀.

Káàdì Michael Jordan tí ilé-iṣẹ́ Fleer tẹ̀ ní 1986 ni àpẹẹrẹ tó yéni jù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ ló wà nílẹ̀. Èyí tó gba máàkì mẹ́wàá lọ́wọ́ PSA lé díẹ̀ ní ọ̀ọ́dúnrún. Láàárín èyí tó gba mẹ́sàn-án àti èyí tó gba mẹ́wàá, ojú lásán lè má rí ìyàtọ̀ kankan, àfi kí ẹni tó mọ̀ ọ́n fi gíláàsì wo igun rẹ̀. Síbẹ̀ owó èyí tó gba mẹ́sàn-án kì í sún mọ́ ti onímáàkì mẹ́wàá rárá. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi máa ń fọ́ ike, tí wọ́n á yọ káàdì náà, tí wọ́n á tún fi ránṣẹ́ pé bóyá ẹni tó máa wò ó lẹ́ẹ̀kejì yóò lawọ́ jù. Nígbà mìíràn ó máa ń bọ́ sí i fún wọn. Páálí kan náà, igun kan náà, máàkì ọ̀tọ̀. Èèyàn ẹlẹ́ran ara ló ń wò ó.

Kí a tó kúrò lórí káàdì Fleer ti 1986 yìí, ó kàn wá ju bí ẹ ṣe rò lọ. Káàdì 132 ló wà nínú ọ̀wọ́ náà. Jordan ni nọ́ńbà 57. Nọ́ńbà 82 ni ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Èkó, Ọlájùwọ́n, ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ fún ìlú Houston ní 1994 àti 1995. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n tẹ àwọn méjèèjì, inú àpò kan náà ni wọ́n ti jáde, ìlànà kan náà ni wọ́n fi ń yẹ̀ wọ́n wò. Àmọ́ owó ti Ọlájùwọ́n kò dé ibi tí ti Jordan dé, kódà bí máàkì wọn bá dọ́gba. A ò bínú sí i. Òṣùwọ̀n lè sọ bí àgbàdo ṣe dára tó, kò lè fi ebi sí inú ẹni tó fẹ́ rà á. Ọmọ wa kejì ni Giannis, tí òyìnbó ń pè ní Antetokounmpo. Adétòkunbọ̀ ni orúkọ yẹn, ọ̀nà tí àwọn ará Gíríìsì gbà kọ ọ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, káàdì rẹ̀ kan lọ ní 1,812,000 dọ́là, kò sì sí káàdì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tó tíì tó o lówó títí di ìgbà náà.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká padà sórí òṣùwọ̀n. Káàdì àkọ́kọ́ pàá tí PSA fún ní máàkì, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ kìíní, Honus Wagner kan ni. Ní ọdún 1991, Wayne Gretzky, ìlú-mọ̀ọ́ká eléré orí yìnyín, pẹ̀lú Bruce McNall, rà á ní 451,000 dọ́là. Wọ́n gbé e lọ fún ilé-iṣẹ́ tuntun náà, ó sì gba máàkì mẹ́jọ. Ká ní káàdì tí wọ́n ti fi sínú páálí sìgá láti ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn ṣì ní igun tó mú bí ọ̀bẹ, ó tó kí èèyàn yanu. Àwọn kan sì yanu lóòótọ́, wọ́n ní etí rẹ̀ ti gún jù. Àmọ́ ike ti bò ó, máàkì ti wà lórí rẹ̀, owó rẹ̀ sì ń gun òkè láti ọwọ́ dé ọwọ́. Nígbà tí Ken Kendrick máa rà á ní 2007, mílíọ̀nù 2.8 dọ́là ni.

Ní ọdún 2013, Bill Mastro, ògbóǹtarìgì olùtajà tó ti ra káàdì yẹn ní 1985 tó sì tún un tà, jẹ́wọ́ nílé ẹjọ́ ní Chicago. Ó ní òun gé etí káàdì náà kó lè dà bí tuntun. Ẹ rántí pé nínú iṣẹ́ yìí, káàdì tí wọ́n bá ti gé kò yẹ kó gba máàkì kankan. Ó tún jẹ́wọ́ pé ilé gbàǹjo òun máa ń fi owó èké gbé iye ọjà ga sí àwọn oníbàárà. Ilé ẹjọ́ rán an lẹ́wọ̀n ogún oṣù ní 2015. Ẹ ò rí i pé òkúta ìpìlẹ̀ pàá ni wọ́n gbé kalẹ̀ ní wíwọ́. A ò sọ pé àwọn tó yẹ káàdì náà wò bá a lẹ̀dí àpò pọ̀, kò sí ilé ẹjọ́ tó sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé máàkì tí gbogbo ọjà gbára lé jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn kan nínú yàrá kan, ọ̀rọ̀ wọn sì lè ṣì.

Nígbà tí àrùn kòrónà sé gbogbo ayé mọ́lé, àwọn ará Amẹ́ríkà padà sídìí àpótí àtijọ́ wọn, owó káàdì sì fò sókè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2021, àwọn olówó kan san ohun tó lé ní 800 mílíọ̀nù dọ́là láti ra ilé-iṣẹ́ tó ni PSA. Ní oṣù kìíní ọdún yẹn kan náà, Jordan onímáàkì mẹ́wàá méjì lọ ní 738,000 dọ́là ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú gbàǹjo kan. Ní oṣù kẹta, káàdì tó ń wọlé sí PSA pọ̀ débi pé wọ́n ní kí ọ̀pọ̀ èèyàn má fi ránṣẹ́ mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Kí ọdún 2022 tó parí, onímáàkì mẹ́wàá yẹn kò tó ìdá mẹ́ta owó tí wọ́n rà á mọ́. Máàkì rẹ̀ kò yí padà, ike rẹ̀ kò fọ́. Ẹni tó rà á gbẹ̀yìn ló gbé ẹrù náà.

Ibi tó wá dùn wá jù rèé. Collectors, ilé-iṣẹ́ tó ni PSA, tún ra Goldin ní ọdún 2021. Goldin jẹ́ ilé gbàǹjo ńlá tó ń ta àwọn káàdì wọ̀nyí. Fún ohun tó sún mọ́ ọdún mẹ́ta, ẹni tó ni òṣùwọ̀n ló tún ni ìsọ̀. Ní 2024 ni wọ́n tó ta Goldin fún eBay. Ọdún 2024 yẹn kan náà ni wọ́n ra SGC, ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń bá PSA du iṣẹ́, òun náà ló sì fún Mantle olówó gọbọi yẹn ní máàkì 9.5. Ẹ tún fi kún un pé bí káàdì bá ṣe níye lórí tó ni owó iṣẹ́ tí PSA ń gbà ṣe ń pọ̀ tó, máàkì gíga sì ni í mú káàdì níye lórí. Bí ìyá kan ní ọjà Kétu bá ń wọn àgbàdo fún àgbẹ̀, tó sì tún ń pín nínú èrè ẹni tó ń rà á, àwọn àgbà ọjà á pè é jókòó. Ní Amẹ́ríkà, òfin kò dí wọn lọ́wọ́. Lójú tiwa, bí wọn kò bá tilẹ̀ rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, kò yẹ kí ọwọ́ kan di méjèèjì mú.

Àwọn oníjìbìtì náà ti rí i pé ike ni ọjà, kì í ṣe páálí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní New York fẹ̀sùn kan ọkùnrin méjì láti ìpínlẹ̀ Washington pé wọ́n fi ayédèrú ike àti ayédèrú máàkì ta káàdì tí owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là. Jordan ti 1986 wà nínú ohun tí wọ́n ní wọ́n fi ṣe é. Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sùn náà, wọn kò nílò láti ya ayédèrú àwòrán. Wọ́n kàn mú káàdì tí máàkì rẹ̀ kéré ni, wọ́n fi sínú ike tó pè é ní ẹni ńlá.

Kí ló kàn wá nínú gbogbo èyí ní Ṣábẹ, ní Kétu tàbí ní Àjàṣẹ́? Àwọn ọmọ wa wà ní òkè òkun, wọ́n sì ń fi àwòrán irú káàdì báyìí ránṣẹ́ sílé lórí WhatsApp pé kí ẹbí dáwó jọ ra á, yóò di ilé lọ́la. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tiwa náà ti wọ inú rẹ̀: káàdì Pelé tí wọ́n tẹ̀ ní Sweden ní 1958, ọdún tó gba ife àgbáyé níbẹ̀, ti lọ ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú rẹ̀ kó kọ́kọ́ gba nọ́ńbà tó wà lórí ike, kó tẹ̀ ẹ́ sórí ojú ewé ilé-iṣẹ́ tó fún un ní máàkì. Bí nọ́ńbà náà bá bá a mu, kó má tíì sanwó, nítorí oníjìbìtì lè kọ nọ́ńbà tòótọ́ sórí ike èké. Kó béèrè àwòrán igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó sì fi wé èyí tí ilé-iṣẹ́ náà yà, bí wọ́n bá ya á. Kó tún bi ara rẹ̀ ta ni yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀ bí owó bá di pàjáwìrì, nítorí kò sí ọjà rẹ̀ ní Kútọnu. Ẹni tó wà ní Dallas lè ta tirẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó wà ní Pọ́bẹ̀ yóò kọ́kọ́ san owó ìfiránṣẹ́, yóò sì gbàdúrà kí igun rẹ̀ má tẹ̀ lọ́nà. Owó àjọ kọ́ ni èèyàn ń kó sínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ ní káàdì Ọlájùwọ́n ti 1986 torí pé orúkọ wa wà lára rẹ̀, bílíọ̀nù kọ́ ni yóò ná. Èyí tí igun rẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀, tí kò sí nínú ike, ṣeé gbé sórí ògiri pálọ̀. Kó ṣáà wo orúkọ iwájú rẹ̀ dáadáa. “Akeem” ni wọ́n kọ síbẹ̀, torí ọdún 1991 ni ọkùnrin náà tó fi H kún orúkọ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé èyí tí wọ́n kọ “Hakeem” sí wá, tó ní ti 1986 ni, kí ẹ dá a padà fún un.